Ọwọ́ Tí Kò Gbọ̀n Mọ́

Oògùn inú ike náà pé. Kò sí omi nínú rẹ̀, kò sí májèlé, kò sì sí ẹni tó tú u wò láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Ohun tí ẹni tó ń yẹ oògùn wò fún àwọn ọlọ́pàá sọ lórí fóònù nìyẹn, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó ń bá sọ̀rọ̀ ní kó tún un sọ.

Obìnrin ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ọ̀hún. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é. Kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju tábìlì rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ kì í sì í dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ àwọn ọ̀daràn tó rò pé àwọn lè gbé e mì ti rí i pé bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó ń wo ògiri. Lẹ́yìn ògiri yẹn ni ọkùnrin tí wọ́n mú wà nínú àhámọ́. Bí oògùn bá pé, a jẹ́ pé ọkùnrin náà kò mọ ọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá pé, kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́?

Iṣẹ́ kíkọ pátákó ṣọ́ọ̀bù ni ẹni tó kú ń ṣe. Lẹ́tà ni wọ́n ń pè é, torí pé kò sí ẹni tó mọ lẹ́tà í kọ bíi tirẹ̀ ládùúgbò náà. Láti kékeré ló ti ní ikọ́ sémìí-sémìí tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Bí èémí bá há a, yóò fa ínhélà yọ lápò, ike kékeré aláwọ̀ búlúù tí wọ́n máa ń tẹ̀ tí oògùn yóò fi tú jáde bí ìrì sínú ọ̀fun. Yóò fín in, yóò mú un dúró láyà díẹ̀, àyà yóò sì ṣí. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú, òjò ń rọ̀. Ó ti gbogbo fèrèsé pa kí omi má baà ta sí pátákó tó ń fi fáníìṣì dán, òórùn fáníìṣì sì há mọ́ inú yàrá pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, ó sì bá a lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fín ínhélà sẹ́nu. Obìnrin náà gbọ́ ṣíìì. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ló ti ń gbọ́ ohùn yẹn, bó bá sì ti gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn ṣíìì, kò sí nǹkan kan. Ó tún fín in, ó tún fín in. Ojú rẹ̀ ń bẹ ìyàwó, ẹnu kò lè sọ̀rọ̀. Kí ọkọ̀ tó gbé wọn dé ọsibítù, ó ti dákẹ́.

“Ẹnì kan ti pààrọ̀ ohun tó wà nínú ínhélà rẹ̀,” ni ìyàwó sọ fún àwọn ọlọ́pàá. Ó sì sọ ẹni náà fún wọn.

*

Akunlé ló tọ́ka sí, ọ̀rẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Akunlé ni yóò kun ilẹ̀ pátákó, Lẹ́tà yóò wá kọ ọ̀rọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe ń bá iṣẹ́ bọ̀ láti ìgbà èwe wọn nìyẹn. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú náà, ìyàwó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta ṣọ́ọ̀bù, tó ń pariwo pé, “Gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn fún mi kó tó kó bá ọ!” Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tú àpò rẹ̀, wọ́n bá ínhélà búlúù tuntun níbẹ̀, irú èyí tí olóògbé ń lò gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni Akunlé fúnra rẹ̀ kò ní àìsàn kankan ju ẹ̀yìn dídùn lọ. Ta ni kò ní fura?

Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n mú un wá, ó fún un ní àga, ó sì sọ fún un pé oògùn náà pé. Ó retí pé ọkùnrin náà yóò dúpẹ́. Ńṣe ló dojú bolẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin gìrìwò tí ọ̀dà kò kúrò léèékánná rẹ̀ rí.

“Ṣé ó pé lóòótọ́?” ló bi í. “Èmi ni mo rà á fún un, mà.”

Láti ìgbà tí wọ́n ti tì í mọ́lé, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń rò ni pé wọ́n ta ayédèrú fún òun, òun sì ti fi ọwọ́ ara òun gbé ikú fún ọ̀rẹ́ òun. Ó ní bí òun bá pa ojú dé, ṣíìì yẹn ni òun ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ òun kò sí níbẹ̀ nígbà tó kú.

Abẹ́rẹ́ jẹ́ kó sunkún tán. Ó wá bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ òun ló ń bá aláìsàn ra oògùn.

“Ojú ń tì í ni, mà.”

Ọ̀rọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Láyé àtijọ́, ínhélà kan a máa pẹ́ lọ́wọ́ Lẹ́tà títí eruku yóò fi bò ó. Láìpẹ́ yìí, ó ti ń fín in bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú. Ẹni tó ń ta oògùn ti ń wò ó tìfura-tìfura, ó sì ti sọ fún un pé kó lọ rí dókítà. Ló bá bẹ Akunlé pé kó máa bá òun rà á níbòmíràn, kí ìyàwó òun má baà mọ bó ti pọ̀ tó. Bí ínhélà ti ń pọ̀ ni àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ọwọ́ ẹni tó ń kọ lẹ́tà! Oníbàárà kan tilẹ̀ dá pátákó padà, ó ní ó jọ èyí tí wọ́n kọ nínú ọkọ̀ tó ń sáré. Ọjọ́ yẹn ni Akunlé ní kó gbé búrọ́ọ̀ṣì fún òun kó tó kó bá orúkọ rẹ̀, pé kó lọ sinmi, òun yóò máa fara wé ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi gbádùn. Lẹ́tà bínú, ó lé e jáde. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ìyàwó gbọ́ níta, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún ìyókù.

“Títí di ọjọ́ tó kú, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n?”

Akunlé ronú. Ó ní òun kò mọ̀. Òun kò tún fojú kàn án lẹ́yìn ìjà náà, ínhélà tí wọ́n bá lápò òun ni òun kò rí gbé fún un.

Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, kó máa lọ sílé.

*

Ìyàwó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù fún Abẹ́rẹ́. Obìnrin náà ti rù, kò sì wọ inú yàrá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó fi kọ́kọ́rọ́ há ìka bí ẹni tó ń dáàbò bo ara rẹ̀. Òórùn fáníìṣì ṣì wà nínú ilé. Àwọn búrọ́ọ̀ṣì ti gan sínú agolo. Pátákó kan dojú kọ ògiri lọ́tọ̀, Abẹ́rẹ́ sì béèrè pé ta ló dojú rẹ̀ kọ ògiri.

“Èmi ni,” ni ìyàwó wí. “Mi ò lè wò ó. Ó dà bíi pé òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀.”

Abẹ́rẹ́ yí i padà. Ẹlẹ́ran kan tó ń tún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe ló ní kí wọ́n kọ ọ́ fún òun, kó lè gbé e kọ́ síta fún àwọn oníbàárà. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: A Ń BỌ̀ PADÀ. Ẹlẹ́ran kò wá gbé e mọ́. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ohun tí olóògbé kọ kẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà ló dá Abẹ́rẹ́ dúró. Ó sún mọ́ ọn bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ síta, tó ń rìn lọ lójú pópó, tó ń gbójú sókè, ìyàwó sì ń tẹ̀ lé e láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ó tọ́ka sí pátákó onígbàjámọ̀: ìgbà wo ni ọkọ rẹ̀ kọ ọ́? Ìyàwó ní ó ti pẹ́. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ dúró bí ọmọ ogun. Ó tọ́ka sí ti atúnbàtàṣe. Ìyàwó ní kò tíì pẹ́ púpọ̀. Etí àwọn lẹ́tà náà ti ń wú díẹ̀. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò, pátákó tó kọ síbẹ̀ kò sì tíì pé oṣù kan. Ẹsẹ̀ lẹ́tà A kọ̀ọ̀kan ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ arúgbó tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè.

Abẹ́rẹ́ dúró síbẹ̀. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ ṣáájú tọ́ tààrà, èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, èyí tó kọ lẹ́yìn rẹ̀ ń gbọ̀n. Báwo wá ni èyí tó kọ kẹ́yìn nínú ayé rẹ̀ ṣe gún bí òwú tí wọ́n fà le? Ọwọ́ tó ti ń gbọ̀n kì í ṣàdédé dúró. Bóyá kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ó bi ìyàwó bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi orí. Ó ní ọwọ́ ọkọ òun ló kọ ọ́. Lọ́jọ́ tó kọ ọ́ tán, ó pe òun wọlé, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú òun, ó ní, “Wò ó.” Wọn kò gbọ̀n rárá. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Àyà rẹ̀ náà kò lù kìkì mọ́.

“Kí ló mú un dúró?”

Ìyàwó wo ojú pópó. “Ọlọ́run ni,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Abẹ́rẹ́ rí i pé ó yí ojú kúrò, àmọ́ kò lé ọ̀rọ̀ náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, ẹni tó bá fà á ló máa ń mú un le sí i.

Nígbà tí wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó rí ínhélà mìíràn lẹ́yìn dígí, aláwọ̀ búráùn, eruku ti bò ó. Ìyàwó ní dókítà ló ní kí ọkọ òun máa lò ó láràárọ̀ àti lálaalẹ́, yálà èémí há a tàbí kò há a. Ọkọ òun pa á tì. Ó ní kì í ṣí àyà kíákíá bíi ti búlúù, nítorí náà kí ni òun fẹ́ fi ṣe?

*

Dókítà tó ń tọ́jú Lẹ́tà tẹ́lẹ̀ kò ní àkókò púpọ̀, àmọ́ nígbà tó gbọ́ ti ínhélà tó wà lẹ́yìn dígí, ó jókòó. Ó ní ohun tí òun ń bá àwọn aláìsàn jà sí lójoojúmọ́ nìyẹn. Èyí tó búlúù ń ṣí ojú ọ̀nà èémí fúngbà díẹ̀ ni, kò wo ohun tó ń mú ojú ọ̀nà náà wú. Èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ ló ń mú wíwú náà rọlẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé òun ti ń wá búlúù lemọ́lemọ́, kì í ṣe pé kó rà sí i ló kàn, ọsibítù ló yẹ kó sáré lọ, torí àìsàn rẹ̀ ti ń le. Bó bá sì pọ̀ jù lára, àyà a máa lù kìkì, ọwọ́ a sì máa gbọ̀n.

Abẹ́rẹ́ ní òun ti mọ ìyẹn. Ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni ohun tó lè dá ọwọ́ bẹ́ẹ̀ dúró láìjẹ́ pé ẹni náà jáwọ́ nínú búlúù.

Dókítà gbé bírò kalẹ̀. Ó ní àwọn hóró oògùn kan wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún àyà tó ń sáré jù. Ó máa ń mú àyà rọlẹ̀, ó sì máa ń mú ọwọ́ tó ń gbọ̀n dúró. Àmọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń béèrè ni pé, ṣé o ní ásímà?

“Kí nìdí?”

“Ilẹ̀kùn tí oògùn ínhélà ń ṣí, òun gan-an ni hóró náà ń tì,” ni dókítà wí. “Èémí lè há ẹni tó gbé e mì. Bó bá wá fín ínhélà, ńṣe ló dà bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ tó pé lọ́wọ́, tí ẹnì kan sì ti fi igi dábùú ilẹ̀kùn láti inú. Oògùn kì í ṣe ẹ̀wù tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lè jọ máa wọ̀.”

Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ olóògbé wò fún májèlé, wọn kò rí nǹkan kan. Kò sí ẹni tó wá hóró ẹ̀jẹ̀ ríru nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n wá a. Èsì dé lọ́jọ́ kejì: ó wà níbẹ̀.

Lẹ́tà kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ta ló ní in nínú ilé rẹ̀?

*

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ní in. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Àǹtí Tíṣà sì ni gbogbo ilé ń pè é. Òun ló tọ́ Lẹ́tà dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn. Òun ló di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó kọ́kọ́ kọ A. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ti tọkọtìyàwó, ògiri náà sì fẹ́lẹ́. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ wọlé, ó bá a lórí àga tó gbé ti ògiri yẹn, ó fi etí lé e.

Ìyá náà kò tijú. Ó ní láti ìgbà tí àbúrò òun ti kéré ni òun ti ń sùn pẹ̀lú ìró èémí rẹ̀. Bó bá ń dún bí fèrè, òun a jí. Bó bá lọ geere, òun a sùn. Ó ti kú báyìí, òun ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri, ó ń fà, ó ń fà, kò sì jáde. Ìyàwó rẹ̀ ti ní kí òun yí bẹ́ẹ̀dì sódì kejì. Òun kò lè ṣe é. Bí òun bá yí i, tó bá wá pè ńkọ́?

Abẹ́rẹ́ jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó ti mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ apààyàn láyé rẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ wúwo lọ́jọ́ yẹn.

“Mà, ara yín ńkọ́? Wọ́n ní àyà yín máa ń yọ yín lẹ́nu.”

Àǹtí Tíṣà ní ó ti ń rọ̀ díẹ̀, oògùn rẹ̀ dára. Ó fa páálí rẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó nà án sí i. Abẹ́rẹ́ ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ohun tí dókítà sọ gan-an ni.

“Ṣé ẹ fún àbúrò yín nínú rẹ̀?”

“Mo fún un.” Kò tilẹ̀ ronú. Ìwọ̀nba ayọ̀ tó kù lójú rẹ̀ sì yọ. “Ó wá jókòó síbi tí o jókòó sí yìí, ó ń gbọ̀n bí ewé, ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ mi ti lọ.’ Mo ní kò lọ síbì kan. Bí tèmi náà ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ nìyẹn, òun ni wọ́n fún mi tó fi dúró. Mo ń fún un láràárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró! Ó tún kọ̀wé dáadáa kó tó lọ. Ó kéré tán, mo ṣe ìyẹn fún un.”

Abẹ́rẹ́ gbé páálí náà padà síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ òtítọ́ fún un. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sì fi nǹkan kan pamọ́: ti ínhélà tó pọ̀ jù tó mú ọwọ́ gbọ̀n, ti hóró tó mú un dúró, ti ilẹ̀kùn tó tì. Ó ní òun kò wá mú un, torí kò sí òfin tó ń mú ẹni tó ṣe oore láìmọ̀ pé ewu wà nínú rẹ̀. Jàǹbá ni òun yóò pè é. Àmọ́ wọ́n ti fi ẹ̀sùn kan ẹlòmíràn, ó sì yẹ kí òtítọ́ hàn.

Ìyá náà ń wo ẹnu rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ohun tí tíṣà wí. Ó wá gbé etí kúrò lára ògiri.

“Ká ní kò gbé e mì,” ló wí, “ṣé ínhélà náà ìbá ṣiṣẹ́?”

Irọ́ kan wà lẹ́nu Abẹ́rẹ́, ó dùn, ó sì rọrùn. Ó gbé e mì.

“Àìsàn náà ti le, mà. Àmọ́ ó ṣeé ṣe kó ṣiṣẹ́.”

Àǹtí Tíṣà mi orí, ó tún mi orí. Ó ti páálí náà kúrò níwájú ara rẹ̀ títí ó fi bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí Abẹ́rẹ́ máa gbé e lọ, kò tún ní kan ẹnu òun láé. Abẹ́rẹ́ ti bi dókítà ní ìyẹn náà. Ó ṣàlàyé fún un pé ẹni tó ti mọ́ lára kì í dá a dúró lójijì, pé ọkàn lè dá iṣẹ́ sílẹ̀, pé dókítà ló lè pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Ìyá náà ní kó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà wo ló ti tún ń ṣe iṣẹ́?

Ìgbà yẹn ni wọ́n rí ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó dé ibẹ̀. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ṣa páálí náà nílẹ̀.

“Àǹtí,” ló wí, “èmi ni mo ń bu omi tó fi ń gbé e mì. Láràárọ̀. Mi ò bi í pé kí ni. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró, mo sì ń dúpẹ́.” Ó kọjú sí Abẹ́rẹ́. “Nígbà tí ẹ bi mí lójú pópó lọ́jọ́sí, ó ti sọ sí mi lọ́kàn. Mi ò lè sọ ọ́. Mo ti mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí àtìmọ́lé fún ohun tó wà nínú ilé mi.”

Àǹtí Tíṣà nawọ́, ó sì fi kan orí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ dìde pé òun yóò máa lọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó rí i tí ìyàwó dìde, tó lọ sídìí ìkòkò omi, tó bu omi sínú ife. Ó yọ hóró kan nínú páálí, ó gbé méjèèjì síwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ìyá náà pa ẹnu dé, ó yí ojú sí ògiri.

“Ẹ gbé e mì, Àǹtí,” ni ìyàwó wí. “Ẹnì kan ti tó.”

Ó di ife náà mú síbẹ̀, kò sì gbé e kúrò títí ìyá náà fi la ẹnu.